Ìka Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Sin

Mo rántí ìgbà tí ìgò bẹntiróò kan máa ń wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù wa ní Mowe, tí kì í ṣe ti jẹnẹrétọ̀. Oògùn ọgbẹ́ ni. Bí ayùn bá géni, a ó da bẹntiróò sí i, a ó fi lẹ́búlẹ́bú pákó dí i, iṣẹ́ á sì máa lọ. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Èmi tí mo máa ń fọ́nnu pé kò sí káfíńtà tó tó mi lójú títì márosẹ̀, mi ò béèrè ìdí rẹ̀ rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rọ ìlapákó gé ìka ìfábẹ̀lá Ẹ̀gbọ́n tí a jọ ni ṣọ́ọ̀bù náà, ó já pátápátá. Mo da bẹntiróò sí ojú ọgbẹ́; igbe tó ké kó gbogbo àdúgbò jáde. Mo fi lẹ́búlẹ́bú dí i, mo fi àkísà wé e. Ni mo bá rí ìka náà nílẹ̀. Ṣé ẹ̀yà ara ènìyàn ni a ó fi sílẹ̀ fún ajá? Mo fi aṣọ funfun wé e, mo gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sin ín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí a tó wọ kẹ̀kẹ́ Máruwá lọ sí ọsibítù. Lójú ara mi, mo ti ṣe ọmọlúàbí.

Nọ́ọ̀sì pẹ́ nídìí fífọ lẹ́búlẹ́bú yẹn kúrò.

“Ta ló fi pákó sí egbò ènìyàn?”

Ẹ̀gbọ́n ló dáhùn pé, “Ẹ má bínú, nọ́ọ̀sì. Ẹ̀mí mi ló ń dù.”

Láti ọjọ́ náà ni ara mi ò ti balẹ̀. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ, àyà mi á já. Mo ní mo gbọ́dọ̀ kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ káfíńtà wa bi mí bóyá mo fẹ́ fẹnu pe ibi wọlé ni. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n ti ń kọ́ni. Ìtọ́jú ẹni tí ejò bù jẹ àti ẹni tó dákú ni wọ́n ń sọ. Mo lọ sí Ibafo, àwọn awakọ̀ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Mo béèrè nípa ayùn, olùkọ́ ní kí n má gbàgbé bẹ́líìtì ọkọ̀. Bẹ́líìtì wo ni káfíńtà fẹ́ dè? Mo bínú kúrò níbẹ̀.

Oníbàárà kan ló júwe ìyá kan fún mi, tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ti ń ṣiṣẹ́ ní Ibogun. Mo gun ọ̀kadà lọ, mo dọ̀bálẹ̀. Ó bi mí ní ohun tí a ń fi sí ọgbẹ́, mo sọ òótọ́, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó kọ́ mi láti fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, kí n gbé ọwọ́ náà sókè, kí n má máa ṣí i wò. Lẹ́yìn náà ló sọ pé:

“Bí ìka bá já, ẹ fi aṣọ mímọ́ wé e, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ gbé ọ̀rá náà lé yìnyín, kí ẹ gbé e dání lọ bá dókítà. Nígbà mìíràn, wọ́n lè rán an padà, kó sì so mọ́ ọwọ́.”

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń yẹra fún Ẹ̀gbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tí a jọ wà. Nígbà tó yá, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ ohun tí ìyá Ibogun sọ nípa ìka tí mo sin. Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

“Ṣé dandan ni kó so?”

“Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ó lè so ni.”

Ó ní, “Ará iwájú jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Lọ sọ fún àwọn tó kù. Má fi tèmi pamọ́.”

Ní báyìí, mo ń kọ́ wọn nípàdé ẹgbẹ́ káfíńtà. Bí mo bá dé ibi ìka, àwọn kan á rẹ́rìn-ín, títí Ẹ̀gbọ́n á fi na ọwọ́ sókè. Ó ti dárí jì mí tipẹ́. Èmi ni mi ò tíì rójú. Ká ní ìyá Ibogun yẹn sọ pé kò lè so ni, ǹ bá ti sinmi.