Ipò Alága tí Mo Kọ̀ Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo

Ìwé àkọsílẹ̀ mi ti ọdún náà wà níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí. Èèpo rẹ̀ ti ṣí lẹ́yìn, omi sì ti kán sí i níbì kan. Lójú ewé ọjọ́ Àìkú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, gbólóhùn kan péré ni mo kọ: “Mo kọ̀ ọ́, wọ́n sì gbà.” Èmi tí mo máa ń kọ ohun tí ìyá arúgbó tí mo ń tọ́jú jẹ láàárọ̀ sílẹ̀, gbólóhùn kan ni mo ní fún ọjọ́ tí ó dùn mí jù lọ ní Torino. Nítorí náà, iyè inú ni mo gbẹ́kẹ̀ lé fún ohun tí ẹ óò kà níhìn-ín, iyè inú sì máa ń tún ilé ṣe láìsọ fún onílé.

Padova, ní ilẹ̀ Ítálì, ni mo kọ́kọ́ dé, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àǹtí ni n óò máa pe obìnrin tí ó gbà mí sílé níbẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pè wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni a ti mọra, a kì í ṣe ẹbí. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi sùn lórí àga gbọọrọ inú pálọ̀ wọn. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń tò sí Questura, àgọ́ ọlọ́pàá tí àwa àlejò ti ń gba ìwé ìgbélùú. Àwọn náà ni wọ́n bá mi wá iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó sí Torino. Nígbà tí ọkọ wọn rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan lẹ́yìn Torino, tí gbogbo ìdílé sì kó wá, mo fi ọjọ́ ìsinmi mi kan gbáko bá wọn gbé páálí gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀tá ni ó ṣe mí.

Àwa tí a ti ilẹ̀ Yorùbá wá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, a máa ń pàdé nínú gbọ̀ngàn kan tí àlùfáà Àgùdà kan yá wa, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lọ. Àwọn kan máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Asti àti Modena. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn náà wà, nítorí èmi ni mo lọ tọrọ ibẹ̀, èmi náà ni mo ń tètè dé láti to àga. Mo máa ń tẹ̀lé àwọn ará wa lọ sí ilé ìwòsàn àti sí Questura láti bá wọn túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò yàn mí sí i. Mo yọ̀ǹda ara mi ni.

Nígbà tí ó yá, alága wa, bàbá kan tí irun orí wọn ti funfun tán, sọ pé àwọn ń padà sílé pátápátá, kí a wá ẹni tí yóò rọ́pò àwọn. Mo fẹ́ ipò náà. Ó ń tì mí lójú láti kọ ọ́, kódà nísinsìnyí. Mo lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì nílé, níbi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn. Ní Torino, ohun tí a ń bi mí ni pé ṣé mo ti yí ìyá arúgbó padà lórí ibùsùn. N kò kẹ́gàn iṣẹ́ náà, òun ni ó bọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ibì kan ṣoṣo wà ní ìlú yẹn tí wọn yóò ti nílò orí mi, kì í ṣe apá mi nìkan. Mo ti kọ òfin ẹgbẹ́ ní èdè Ítálì, kí a lè forúkọ sílẹ̀ ní Comune, níbi tí ìjọba ìlú wà. Ẹni tí ó bá di alága ni yóò gbé e lọ, òun ni yóò sì jókòó síwájú àwọn aláṣẹ láti ṣàlàyé ẹni tí a jẹ́.

Àǹtí nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni, nínú ilé ìdáná wọn. A ń gé bietola, ewébẹ̀ ibẹ̀ tí a fi ń rọ́pò ẹ̀fọ́ ṣọkọ.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ di alága.”

Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ! Àṣé gbogbo àga tí ò ń tò yẹn, èyí tí o máa jókòó lé lò ń wá.”

“Àǹtí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o.”

“N ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yẹ ọ́. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Obìnrin tí ò tíì lọ́kọ, kó dìde kó ní òun fẹ́ jẹ alága? Wọ́n á ní ìwé ti yí ọ lórí. Èmi ni màá fà ọ́ kalẹ̀. Tí mo bá ti dárúkọ rẹ, kọ̀.”

“Kí n kọ̀?”

“Kọ̀ dáadáa. Sọ pé àwọn àgbà wà níjòókòó. Màá tún bẹ̀ ọ́, kí o tún kọ̀. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, gbogbo ilé á ti máa bá mi bẹ̀ ọ́. Ìgbà yẹn ni kó o kúnlẹ̀ gbà á. Ẹni tó bá gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ebi oyè ló ń pa á.”

Ọmọ wọn obìnrin, tí ó ń ṣe iṣẹ́ iléèwé rẹ̀ lórí tábìlì, gbójú sókè. “Mamma, ma perché dice no se vuole dire sì?” Kò yé e ìdí tí ènìyàn yóò fi sọ pé rárá nígbà tí ó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ọmọ òyìnbó, kọjú sí ìwé rẹ,” ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

A rẹ́rìn-ín, a sì dánra wò. Wọ́n bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹta, mo kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo kúnlẹ̀ lórí táìlì ilé ìdáná pẹ̀lú ewébẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí ohun tó jọ mí lójú nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i nígbà tí wọ́n fi bàbá mi ṣe olórí àdúgbò wa nílé: bàbá mi kọ̀, wọ́n tún kọ̀, títí àwọn tó ń bẹ̀ wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ọjọ́ ìpàdé dé. Nínú ìrántí mi, aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run ni mo wọ̀; fọ́tò kan tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà sọ pé aṣọ pupa ni. Bí mo bá lè ṣi aṣọ ara mi mọ̀, kí ni mo tún lè búra lé lórí? Ohun tó dá mi lójú ni pé akọ̀wé wa, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kàwé ní Bologna, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ alága, ó ń kọ gbogbo ohun tí a bá sọ sílẹ̀ ní èdè Ítálì, nítorí pé Comune ni yóò kà á.

Alága béèrè ẹni tí a óò gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Gbogbo wa wo ilẹ̀, bí ìṣe wa. Àǹtí dìde. Wọ́n yìn mí títí ojú fi tì mí ní tòótọ́, wọ́n wá ní, “Ẹ̀yin àgbà, ọmọ yìí ni mo fà kalẹ̀.” Àtẹ́wọ́ sọ.

Mo dìde, mo yíkàá díẹ̀. “Ẹ ṣé, Àǹtí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, ẹrù náà wúwo jù fún mi. Àwọn tó jù mí lọ wà níjòókòó.”

Mo jókòó, mo ń retí ẹ̀ẹ̀kejì. Ọkùnrin kan tó ti Modena wá pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Ọmọ yunifásítì, má jẹ́ ká bẹ̀ ọ́ títí ọkọ̀ ojú irin á fi lọ o!” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun náà mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e.

Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀,” ni wọ́n wí. “Iṣẹ́ arúgbó kì í ṣe kékeré, kò dáa ká ni ọmọ ọlọ́mọ lára. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, bàbá àwọn ọmọ mi wà níbí.”

Ọkọ wọn dìde lójú kan náà. “Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti rí i pé ó yẹ, mo gbà.” Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé ebi oyè ń pa wọ́n. Mo rí i tí wọ́n yọ ìwé kan tí wọ́n ká jáde láti inú àpò kóòtù, wọ́n sì ka ọpẹ́ wọn fún ẹgbẹ́ láti inú rẹ̀. Tàbí áńkáṣíìfù ni, tí wọ́n fi nu ojú? Mo ti rí i lọ́nà méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì mọ́lẹ̀ kedere.

Akọ̀wé gbórí sókè. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kọ ọ́ pé ẹ kọ̀? Rinuncia?”

Gbogbo ojú yí sí mi. Bí mo bá ní kí ó má kọ ọ́, gbogbo gbọ̀ngàn ni yóò mọ̀ pé mo ti ń fẹ́ ipò náà láti ọjọ́ yìí wá, àti pé ìtìjú tí mo ṣe, mo fi bojú ni. Mo wo Àǹtí. Báàgì wọn ni wọ́n ń wá nǹkan nínú rẹ̀.

“Kọ ọ́,” ni mo wí.

Ní ọjọ́ kejì Àǹtí pè mí lórí fóònù ilé ìyá arúgbó. “Àbúrò mi, ìwọ lo kọ̀ o. Ojú rẹ le. Mo rò pé o ti yí ọkàn padà.” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n gbọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń dúró síwájú dígí, tí mo ń sọ pé “ẹrù náà wúwo jù fún mi,” láti mọ̀ bóyá ojú mi le. Bóyá mo kọ̀ dáadáa jù. Bóyá ẹ̀rù bà mí lóòótọ́, tí wọ́n sì rí i kí èmi tó rí i. Ẹni tí ìrántí ara rẹ̀ kò dá lójú, kò ṣòro láti tàn.

Àbẹ̀wò tí Àǹtí wá ṣe lẹ́yìn náà, ojú ewé méjì ni mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀sán ni. Ìyá arúgbó ń tòògbé lórí àga, rédíò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àǹtí kò fẹ́ jókòó.

“Alága ní kí n gba kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wá.”

“Àǹtí, ẹ jẹ́ kó ṣì wà lọ́wọ́ mi.”

“Jọ̀ọ́, àbúrò mi. Má jẹ́ ká sọ ọ́ di ìjà.”

“Rárá, Àǹtí.”

Mo ti ṣí ilẹ̀kùn, mo rò pé wọ́n ti fẹ́ máa lọ. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n fi ohùn ilé ìdáná bá mi sọ̀rọ̀. “Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo ń bẹ̀ ọ́. Nítorí oúnjẹ tá a jọ jẹ ní Padova, mú un wá.”

Wọ́n kà á. N kò kà á fún wọn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n kà á dé ẹ̀ẹ̀kẹta. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò tíì kọ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹni tó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo wò wọ́n, mo sì rí ìgbà tí etí àwọn fúnra wọn gbọ́ ohun tí ẹnu wọn sọ, nítorí pé wọ́n jọ̀wọ́ ọwọ́ mi, wọ́n sì ń wo bàtà ìyá arúgbó.

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ náà lórí ìṣó. Mo kúnlẹ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe dánra wò.

Ìwé àkọsílẹ̀ mi sọ pé wọn kò dúpẹ́. Lórí èyí, mo gba ìwé náà gbọ́.