Ìyẹ́ Adìyẹ Ìkórè Nínú Jákẹ́ẹ̀tì Kánádà

Wọ́n ní etí ọmọkùnrin kan láti Ọjà-Ọ̀dàn já bọ́ ní Kánádà. Wọ́n ní òtútù ló mú un, pé ó kàn fọwọ́ họ ọ́ ni, etí sì kán bí ègé ṣúgà. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ọmọ náà, kò sẹ́ni tó mọ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo Ìlarò ló gbọ́. Àwa tá a ní irọ́ ni pàápàá, nígbà tá a délé, a rọra fọwọ́ kan etí tiwa.

Fọlákẹ́ télọ̀ gbà á gbọ́ ju gbogbo wa lọ, nítorí òun lọ́mọ rẹ̀ ń lọ síbẹ̀. Ẹ̀ríolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti rí ilé-ìwé sí Kánádà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló sì máa wọ bàálù. Fọlákẹ́ ló rán aṣọ tí wọ́n fi sọ ọmọ yìí lórúkọ, òun ló rán yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, òun ló rán kóòtù tó fi jáde ìwé. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé ọmọ fẹ́ lọ síbi tí abẹ́rẹ́ òun ò ní lè bá a dé.

Ló bá gba ìsọ̀ Àṣìkẹ́ olókìríkà lọ. Jákẹ́ẹ̀tì méjì ló kù lórí okùn: ọ̀kan sanra bíi tìmùtìmù, èkejì fúyẹ́, wọ́n sì kọ 700 sí i lọ́rùn.

"Èyí tó fúyẹ́ yìí lọ̀gá," ni Àṣìkẹ́ wí. "Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ló wà nínú ẹ̀. Fóòmù lásán ni wọ́n kì sínú tìmùtìmù yẹn."

"700 kí ni wọ́n wá kọ síbẹ̀?"

"Màmá Ẹ̀rí, títà ni mò ń tà á, èmi kọ́ ni mo rán an. 700 ṣáà ni. Àbí ẹ fẹ́ kó dín ni?"

Fọlákẹ́ ra èyí tó fúyẹ́ náà, ó gbé e délé, ó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọdẹkúnlé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, akọ̀wé ìjọ. Láti ọjọ́ tá a ti mọ Ọdẹkúnlé, kò tíì sí ìbéèrè tó bá a láì ní ìdáhùn lọ́wọ́. Ó wọ awò ojú, ó ka 700 náà bí ẹni tó ń ka Bíbélì nínú ìsìn.

"Ó ṣe kedere," ló wí. "Iye ẹyẹ tí wọ́n tu níyẹ̀ẹ́ nìyẹn."

Fọlákẹ́ fọwọ́ wọn jákẹ́ẹ̀tì náà wò. "Ẹyẹ 700, kó wá fúyẹ́ tó báyìí? Bọ̀dá mi, ẹyẹ wo nìyẹn, ẹ̀gà? Àwọn tó rán an ti jí nínú ẹ̀ ni!" Télọ̀ ni, ó mọ ohun tí ọmọṣẹ́ ń fi aṣọ oníbàárà ṣe.

Ó wá rántí àpò ìyẹ́ tó wà nínú yàrá rẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè ìjọ, tí wọ́n bá ti pa adìyẹ tí àwọn ará Ìdogò àti Òkè-Ọ̀dàn gbé wá, Fọlákẹ́ ló máa ń kó ìyẹ́ wọn. Á fọ̀ ọ́, á sá a, á fi rán ìrọ̀rí fún ilé àlejò ìjọ. Àlejò kankan ò tíì sun ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n adìyẹ tí wọ́n ti gbàdúrà lé lórí ni, pẹ́pẹ́yẹ òyìnbó wo ló rí irú oore-ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó tú apá ọ̀tún jákẹ́ẹ̀tì, ó kì í títí tó fi le gbandi, ó rán an padà. Òwú tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu tán kó tó kan apá òsì.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Ọdẹkúnlé ní àfi kí wọ́n dán jákẹ́ẹ̀tì wò. Ibi kan ṣoṣo tí Kánádà sì wà ní Ìlarò ni yàrá tí Abdulrasaq ń kó ẹja dídì sí. Abdulrasaq gbà, ó ní kí wọ́n má ṣáà jókòó lé ẹja kótè òun lórí. Wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì náà fún Ẹ̀ríolúwa, wọ́n tì í mọ́nú òtútù, òun àti fóònù rẹ̀.

Nígbà tó jáde, ọwọ́ òsì rẹ̀ gbóná. Ó ń fi í ra tọ̀tún.

"Màmá, kí lẹ ṣe sí apá yìí? Ó tutù, ó tún ń gún mi!"

Fọlákẹ́ jẹ́wọ́. Abdulrasaq rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú.

"700 yẹn kì í ṣe iye ẹyẹ, Màmá," ni Ẹ̀ríolúwa wí. "Mo kà á lórí fóònù nínú lọ́hùn-ún. Wọ́n máa ń wọn ìyẹ́ múlọ́múlọ́ abẹ́ àyà pẹ́pẹ́yẹ díẹ̀, wọ́n á wo bó ṣe wú tó. Bó bá ṣe wú sí ni nọ́ńbà ṣe ń ga sí. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín rẹ̀ ló ń mú ara móoru. Ẹ ti ki apá yìí le jù, afẹ́fẹ́ ò ríbi jókòó. Igi ìyẹ́ adìyẹ ló sì ń gún mi yẹn."

"Ṣé 700 yẹn wá tó ni?" ni Fọlákẹ́ bi í.

"Nọ́ńbà nìkan ò tó. Bí ìyẹ́ ṣe dára sí ló ń sọ, kò sọ bó ṣe pọ̀ tó nínú aṣọ. Onínọ́ńbà kékeré tí wọ́n fi ìyẹ́ púpọ̀ sí lè móoru ju 700 tí wọ́n kàn wọ́n díẹ̀ sí. Kò sì gbọdọ̀ rẹ sómi, yóò lẹ̀ mọ́ra ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ọdẹkúnlé fara ya. "Òtútù ẹja nìyẹn, òtútù èèyàn yàtọ̀! Ẹ ki apá òsì náà kí méjèèjì dọ́gba!"

"Bàbá Tíṣà, ẹ wọlé," ni Abdulrasaq wí, "ká mọ èyí tó máa mú yín."

"Èmi tí mo kọ́ bàbá ẹ ní jọ́gíráfì!"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ? Abájọ tó fi ń ṣìnà."

Fọlákẹ́ ò gbọ́ tiwọn. Ó di apá òsì ọmọ rẹ̀ mú. "Ti ibí yìí, ṣé ó móoru dáadáa?"

"Ó móoru, Màmá. Etí mi nìkan ló tutù."

Fọlákẹ́ gbé ọwọ́ lé etí náà. Ó tutù bí ẹja. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn ọmọ, ó fa téèpù tó fi kọ́rùn yọ, ó fi wọn orí Ẹ̀ríolúwa yípo, ó wọn láti àtàrí dé ìsàlẹ̀ etí ọ̀tún, ó wọn ti òsì náà.

"Fọlákẹ́, gbọ́ mi," ni Ọdẹkúnlé ń wí, "ohun tí 700 yẹn túmọ̀ sí gan-an ni pé..."

Fọlákẹ́ ti fi eyín já òwú apá ọ̀tún. Ó kó jákẹ́ẹ̀tì sábẹ́ apá, ó bọ́ sójú títì, ó kọrí sílé, síbi tí máṣíìnì wà. Ìyẹ́ adìyẹ ìkórè ń já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ, ó sì ń ka ìwọ̀n etí méjèèjì lẹ́nu kó má baà gbàgbé, nítorí fìlà abetí-ajá tó fẹ́ rán fún ọmọ, tó máa bo etí dáadáa, èèyàn kì í fojú díwọ̀n rẹ̀.