Gbólóhùn Tí N Kò Sọ

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Kétu, ní Èkó, ẹ̀yìnkùlé wa ni màmá mi ti ń pa aṣọ láró. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà wá. Èmi ni mo máa ń bá wọn ri aṣọ sínú ìkòkò aró, a ó fà á yọ, a ó sá a, a ó tún rì í padà. Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín: aró kì í tètè kúrò lọ́wọ́. Ẹ lè fi ọṣẹ àti kànhìnkànhìn ha á títí, àfi kí ó ṣí fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ mi dúdú títí dé ọrùn ọwọ́.

Ní ilé ìwé, tíṣà wa máa ń kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sójú pátákó láràárọ̀, a ó sì máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti lò ó nínú gbólóhùn. Lọ́jọ́ kan, “dọ́tì” ló kàn. Ẹnì kan ní ilẹ̀ dọ́tì, ẹlòmíràn ní ẹlẹ́dẹ̀ dọ́tì. Nígbà tí ó kàn mí, tíṣà gbé ọwọ́ mi sókè kí gbogbo kíláàsì lè rí i.

“Tìẹ ti wà níbí. Sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ọwọ́ ẹ dọ́tì.”

“Aró ni, mà.”

“Mi ò bi ẹ́ léèrè aró. Sọ ohun tí mo ní kó o sọ.”

Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, “Ọmọ aláró, sọ ọ́ jàre, ká lè lọ jẹun.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò sọ ọ́. Tíṣà lé mi síta, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jókòó ní kíláàsì wọn mọ́ àfi bí mo bá sọ gbólóhùn tèmi.

Mo délé, mo ròyìn fún màmá mi; mo rò pé wọn yóò bínú sí tíṣà. Wọ́n kàn wo ọwọ́ tiwọn. “Sọ ọ́ fún wọn, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ìwé ẹ ni mo fẹ́.” Ìyẹn dùn mí ju ẹ̀rín kíláàsì lọ, nítorí ọwọ́ yẹn ló ń bọ́ wa.

Lọ́jọ́ kejì, mo dìde. Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè fúnra mi, mo sì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara pé ọwọ́ ìyá mi kò dọ́tì, tèmi náà kò sì dọ́tì. Tíṣà nà mí lẹ́gba ní àtẹ́lẹwọ́, ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n lo ọ̀rọ̀ náà, mo sì ti lò ó. Wọ́n ní kí n jókòó.

Èmi náà ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá kàn, àkísà tí mo fi ń nu pátákó ni mo máa ń nà sókè. N kò fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ rí.

Ìgbà ti yí padà. Àwọn tó ń pa aṣọ láró lónìí ń wọ ìbọ̀wọ́, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló sì wà níbi tí ìkòkò wa wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi bá bá mi dé ọjà Máìlì 12, tí ẹ rí ẹni tó ń ṣa tòmátò nínú apẹ̀rẹ̀, ẹ ó ní, “Grandma, ọwọ́ wọn dọ́tì.” Omi tòmátò ni. Iṣẹ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nípa ọmọnìkejì yín, ẹ dìde, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ pé ẹ kò ní í sọ ọ́. Wọn kì í nà yín lẹ́gba mọ́ ní ilé ìwé yín. Kí ló wá ń bà yín lẹ́rù?