Apẹja inú Àwòrán Kọkànlá

Tíṣà jọ́gíráfì kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní Àlàyé-ò-tán. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí odò kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni odò náà máa fi rìn kó tó dé òkun. Wọ́n ní ọmọ kan wọ kíláàsì rẹ̀ láìní irùngbọ̀n, ìgbà tí yóò fi jáde, ó ti ń wá abẹ tí yóò fi fá a.

Ọ̀rọ̀ wá di gidi lọ́jọ́ tí ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin tí kì í fi ẹnu ṣòfò, kéde pé tíṣà jọ́gíráfì méjì ti pọ̀ jù. Àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wù wọ́n ni yóò dúró sí kíláàsì, èkejì á lọ máa ṣọ́ yàrá tí wọ́n ń kó ìwé tó ti gbó sí. Ọgbọ̀n ọdún ni Àlàyé-ò-tán ti lò níwájú pátákó. Kò mọ nǹkan mìíràn ṣe. Tíì pàápàá, jíjó ló máa ń jó mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èkejì rẹ̀ ni Eyínfunfun, ọ̀dọ́mọkùnrin tí Àlàyé-ò-tán fúnra rẹ̀ kọ́ níwèé, tó máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n háyà fún un.

"Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká jọ múra àfihàn tí a ó ṣe fún àwọn alábẹ̀wò," ni Eyínfunfun wí. "Ogún àwòrán péré, ogún ìṣẹ́jú-àáyá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ló máa ń ṣí wọn sára ògiri. Bí ẹ ò bá tíì sọ̀rọ̀ tán, ó ti lọ nìyẹn."

"Ogún ìṣẹ́jú-àáyá? Ìwọ ọmọ yìí, kí n kàn kí wọn kí n jókòó ni?"

"Ẹ má tilẹ̀ kí wọn!"

Bí eré, ó wọ̀ ọ́ lára. Ó tú àwòrán tó yà nígbà èwe rẹ̀ jáde, ìgbà tó fẹsẹ̀ tọ odò kan láti orísun dé òkun. Ó kọ ọ̀rọ̀ àwòrán kọ̀ọ̀kan, ó gé e, ó tún un gé. Nílé, bí ìyàwó rẹ̀ bá ń bá a sọ̀rọ̀, á wo aago: "Àwòrán rẹ ti lọ." Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ìwọ náà sì ti dákẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbàdúrà ẹ̀."

Ó ṣòfin ní kíláàsì: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá ẹni tó ń ṣàfihàn dúró títí ogún àwòrán yóò fi pé. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìta ni. Òun fúnra rẹ̀ dá ọmọ kan dúró lọ́jọ́ kan, ó sì lé ara rẹ̀ síta.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín tọ́jú gbogbo ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà mi, ọ̀gá mi," ni Eyínfunfun wí. "Kó má bàa sọnù."

Lọ́jọ́ àbẹ̀wò, nínú kíláàsì, ọ̀gá ilé-ìwé ní kí Eyínfunfun tó jẹ́ àbúrò kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Àwòrán àkọ́kọ́ jáde: omi tó ń sun lábẹ́ àpáta. Àlàyé-ò-tán rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọmọ náà ṣi èyí tó yẹ kó ṣí ṣí ni. Eyínfunfun la ẹnu: "Nígbà tí mo fẹsẹ̀ tọ odò yìí..." Ẹni tí kò lè fẹsẹ̀ fo gọ́tà! Ọ̀rọ̀ Àlàyé-ò-tán ló ń kà, pẹ̀lú ibi tó ti máa ń mí.

Àwòrán kọkànlá dé. Àlàyé-ò-tán ni, géńdé tó dé fìlà koríko, tí ẹrẹ̀ mù dé orúnkún.

"Apẹja kan tí mo bá létí odò rèé," ni Eyínfunfun wí. "Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ṣèèyàn."

Gbogbo kíláàsì wo ògiri, wọ́n wo tíṣà wọn, wọ́n tún wo ògiri. Àlàyé-ò-tán dìde, ó yanu. Ọmọbìnrin tó jókòó síwájú gbé ìka lé ètè, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Tíṣà, òfin."

Àwòrán lọ.

Nígbà tó kàn án, kí ló fẹ́ fi hàn? Ó kàn ní, "Èmi ni apẹja yẹn."

Àgbà alábẹ̀wò gbá a léjìká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ẹja o."

Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta tó ti ń ṣọ́ ìwé gbígbó, Eyínfunfun kanlẹ̀kùn, kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá mi, ẹ dákun. Àwọn ọmọ ń bi mí nípa àwòrán kẹjọ. Kí ló dé tí omi ẹ̀gbẹ́ kan pupa, tí ti ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́? Wọn ò jẹ́ kí n gbádùn."

Àlàyé-ò-tán gbé ọwọ́ sókè, ó tẹjú mọ́ aago. Nígbà tí ogún ìṣẹ́jú-àáyá pé, ó ní, "Ó ti lọ nìyẹn."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn.