Èéfín Ààrò Ìyá Wa

Ọjọ́ tí ìyá wa kú ní ọsibítù ní Ìdó, ilẹ̀ kò tíì ṣú tí a fi sin wọ́n sí Ìpáò. Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Àwa méjì péré ni wọ́n bí, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Kánádà. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe lọ́hùn-ún, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù wọlé. Kí ó tó jáde, kí ó tó rí gbogbo ìpè mi, a ti bu yẹ̀pẹ̀ bo ìyá rẹ̀.

Kò sunkún. Ìyàwó rẹ̀ ló pè mí tó sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ń bà mí. Ó ń sọ̀rọ̀ Màámi bí ẹni pé wọ́n ṣì wà ní Ìdó. Lánàá, ó ra ìbọ̀sẹ̀ fún wọn, ó ní òtútù ọsibítù pọ̀." Ẹ̀rù ba èmi náà. Mo mọ àbúrò mi. Ohun tí kò bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, inú ló ń jẹ ẹ́ sí.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe ní Ìkọ̀lé. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gé èèyàn kúrò níbì kan lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Àbúrò mi wá bẹ̀ mí pé kí n ṣe irú àwòrán kan tó ti rí fún òun: fọ́tò ni, gbogbo rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, àfi ohun kan ṣoṣo tó ń mira nínú rẹ̀, tí kò sì ní dáwọ́ dúró láéláé. Ó fẹ́ kí Ìyá jókòó lẹ́nu ààrò wọn, kí wọ́n máa ṣẹ́jú, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun kan ti wà lórí fóònù báyìí tó ń mú òkú rẹ́rìn-ín.

Inú bí mi. Mo ní, "Ìyá wa kì í ṣe ọmọláńgidi. Wọn kò rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò rí láyé wọn, èmi kọ́ ni n ó fa ẹnu wọn ní báyìí." A jà sí i. Níkẹyìn, a fẹnu kò pé Ìyá kò ní mira, èéfín ààrò wọn ni yóò mira. Èéfín náà á máa gòkè, tó bá ga ju òrùlé lọ á di lékeléke, àwọn lékeléke á fò lọ, èéfín mìíràn á sì tún máa bọ̀. Nígbà tí àbúrò mi wà ní kékeré, ó gbà pé inú èéfín Ìyá ni lékeléke ti ń jáde. Ìyá kò bá a jiyàn rí. Wọ́n á ní kí ó lọ ṣẹ́gi wá bí ó bá fẹ́ rí òmíràn.

Fọ́tò wà nílẹ̀. Èmi ni mo yà á láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá kan. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́nu ààrò, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ń fi àkókò wọn ṣòfò. Lékeléke náà wà, mo ti ya fídíò wọn níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé màlúù lójú ọ̀nà Ọ̀yẹ́. Èéfín ló kù. Mo lè yá ti ibòmíràn, àwọn mìíràn á ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ bí èéfín ààrò wa ṣe máa ń tẹ̀ sápá ọ̀tún kí ó tó gòkè. Àbúrò mi náà mọ̀ ọ́n.

Mo lọ sí Ìpáò láàárọ̀, kí oòrùn lè wà níbi tó wà lọ́jọ́ Iléyá. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi obìnrin, ló ń gbé ilé náà báyìí. Gáàsì ni wọ́n fi ń dáná, wọn kò fọwọ́ kan ààrò Ìyá látọjọ́ tí Ìyá ti lọ. Inú wọn kò dùn sí ohun tí mo wá ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n kó igi kòkó jọ, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ tútù lé e kí ó lè rú dáadáa. Mo gbé fóònù sórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kí ó má baà gbọ̀n. Èéfín rú, ó tẹ̀ sápá ọ̀tún, ó gòkè. Mo sunkún. N kò ní purọ́ pé èéfín ló kó sí mi lójú.

Mo jókòó sórí pákó ìta, mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan, mo so ó pọ̀ níbẹ̀, torí bí òjìji kò bá bára mu, mo ní láti tún un yà kí oòrùn tó yí. Mo tẹ́ fídíò èéfín sílẹ̀, mo gbé Ìyá lé e lórí, mo fi lékeléke sókè òrùlé, mo fi sùúrù pa etí ìborùn wọn rẹ́ títí kò fi hàn pé mo gé wọn. Mo wá so ìparí fídíò náà mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ débi pé ojú kò lè rí ibi tó ti parí. Ó dára. Ìyá jókòó, èéfín ń lọ, lékeléke ń fò.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ọ̀rẹ́ Ìyá fi wọlé, ti ọ̀pá ti àpáàdì.

Ilé kẹta sí tiwa ni ìyá àgbà yìí ń gbé. Láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ ìyàwó tuntun ni wọ́n ti máa ń wá bu iná lẹ́nu ààrò Ìyá láràárọ̀. Ìṣáná wà nílé wọn. Iná kọ́ ni wọ́n ń wá, ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n ń wá kí. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ní Àsin ni wọ́n wà nígbà tí a sin Ìyá. Nígbà tí wọ́n dé, àwọn ọmọ wọn bẹ gbogbo àdúgbò pé kí ẹnikẹ́ni má túfọ̀ Ìyá fún wọn, àyà wọn kò lè gbà á. Bí a ti máa ń ṣe fún àgbàlagbà lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé àwọn dókítà ṣì ń tọ́jú ọ̀rẹ́ wọn ní Ìdó. Títí kan àwọn ọmọdé iléèwé, gbogbo ẹnu la dí. A gbàgbé èéfín.

"Mo rí èéfín láti ulé," ni wọ́n wí, wọ́n ń mí gúlegúle. "Mo ní ọ̀rẹ́ mi ti ti Ìdó dé, kò sì ránṣẹ́ sí mi. Mo wá bu uná."

"Wọn ò tíì dé o, Màmá," àǹtí mi yára dáhùn. "À ń tọ́jú ulé dè wọ́n ni."

N kò tètè pa kọ̀ǹpútà dé. Ojú wọn ti bà á.

"Òun kọ́ rèé?" Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n gbé àpáàdì sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rẹ́ mi, o wá ń wò mí."

Wọ́n dúró de èsì, bí a ti ń dúró de ẹni tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Èéfín lọ, lékeléke fò, èéfín mìíràn tún bọ̀. Ẹ̀rín náà kúrò lójú wọn díẹ̀díẹ̀.

"Èéfín ń lọ," ni wọ́n wí. "Ẹyẹ ń fò. Kí ló ṣe òun tí kò ṣẹ́jú?"

A kò lè ní Ìyá ń sùn, ojú wọn là sílẹ̀. Mo di ọwọ́ ìyá àgbà náà mú.

"Màmá, wọ́n ti lọ. Ẹ wà ní Àsin nígbà tí a sin wọ́n."

Wọ́n mi orí, wọ́n sì sọ ohun tí Mùsùlùmí ń sọ bí ó bá gbọ́ ikú. Wọn kò bá wa jà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo ti ń retí pé kí wọ́n bá wa jà. Nígbà tó yá, wọ́n dìde lọ sídìí ààrò. Wọ́n fa àwọn igi náà yà kúrò lára ara wọn, wọ́n bu ẹyin iná sínú àpáàdì, wọ́n fi eérú bo èyí tó kù, bí wọ́n ti máa ń bá Ìyá ṣe é nígbà tí Ìyá bá ń lọ sóko. Wọ́n wá tọ́ka sí kọ̀ǹpútà.

"Pa tibẹ̀ yẹn náà, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó ń se nǹkan níbẹ̀."

Wọ́n gbé iná wọn, wọ́n lọ.

Mo yọ lékeléke, mo yọ èéfín. Fọ́tò ọjọ́ Iléyá ló kù, Ìyá lẹ́nu ààrò tútù. Òun ni mo fi ránṣẹ́.

Àbúrò mi pè mí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, ohùn rẹ̀ le. "Ẹ̀gbọ́n mi, èyí ò mira. Èéfín dà?"

"Ọ̀rẹ́ Ìyá ti wá pa iná," mo dá a lóhùn.

Àbúrò mi ló máa ń gbé àpáàdì bá ìyá àgbà náà délé nígbà tó wà ní kékeré.

"Ṣé wọ́n bu tiwọn lọ?" ó bi mí.

"Wọ́n bu ú lọ."

Ìgbà náà ló bú sẹ́kún. Mo ń gbọ́ ìyàwó rẹ̀ tó sáré wá, tó ń bi í pé kí ló dé, kò sì lè dá a lóhùn. Oníbàárà kan wọlé tọ̀ mí wá, mo fi ọwọ́ júwe àga fún un. N kò pa fóònù. Mo jókòó, mo ń gbọ́ bí àbúrò mi ṣe ń sunkún ìyá wa.