Ohun Tí Mo Hú Jáde Dípò Òrùka Ìyàwó Mi

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀ náà máa ń ké bí ọmọ ewúrẹ́ tí ìyá rẹ̀ sọnù. Bí mo bá ti gbé e kọjá lórí koríko, gbogbo ajá Mulhuddart, àdúgbò wa ní Dublin, ló máa ń dá a lóhùn. Òyìnbó àgbàlagbà tí ilé rẹ̀ kan tiwa ló yá mi ní ẹ̀rọ náà, òun a máa fi wá irin létí òkun. Ó ní, "Take that yoke, you'll be grand," ìyẹn ni pé kí n gbé nǹkan náà lọ, kò séwu. Èmi tí mi ò kọjá ìwé mẹ́fà, mo wá di ẹni tó ń gbọ́ ohun tí ilẹ̀ ń sọ. Àwọn tó ń lọ wọ bọ́ọ̀sì ń wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Wọn ò mọ̀ pé àgbàlagbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e.

Ohun tó ń lé mi rèé: òrùka ìyàwó mi ti sọnù. Àìsàn ti jẹ ẹ́ rù débi pé ìka rẹ̀ dà bí igi ìṣáná, dókítà sì ní kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ lórí pápá ẹ̀yìn ilé wa. Ibẹ̀ ni òrùka ìgbéyàwó ti yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbà á sí ilé ìwòsàn ńlá ní Tallaght, tí wọ́n ní bí àwọn ò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ̀pa ò ní bóró mọ́, ìyàwó mi kọ̀ jálẹ̀. "Dádì, mi ò ní wọ yàrá yẹn lọ́wọ́ òfo. Òrùka tó bọ́ lákòókò yìí, kì í ṣe ojú lásán. Ẹ bá mi wá a." Pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́, ó ṣe àmín, kò gbà. Ọmọbìnrin wa sunkún sunkún, kò gbà.

Mo gbẹ́lẹ̀ ṣá. Mo rí ìdérí ìgò, mo rí ìṣó, mo rí kọ́kọ́rọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti kú. Ihò kan wà tí mo gbẹ́ jìn débi pé mo ń gbóòórùn iṣu tí àbúrò mi ń sun ní Ìsẹ́yìn. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi àbúrò mi. Òjò ń pa mí, mo ń bẹ Ọlọ́run, mo ń bẹ ilẹ̀, mo tún ń bẹ ẹ̀rọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí àwọn dókítà fẹ́ gbọ́ ìpinnu ìkẹyìn lẹ́nu ìyàwó mi, ẹ̀rọ náà ké. Mo fọwọ́ tú ẹrẹ̀. Kì í ṣe òrùka. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, bàbà tó ti dípẹtà, kò ju ìka lọ, orí rẹ̀ rí bíi ṣíbí tí èèrà á fi mu ẹ̀kọ. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo bú sẹ́kún.

Ṣùgbọ́n ojú mi mọ nǹkan yẹn. Nílé, ìyẹ́ adìyẹ la fi ń ro etí, àwọn bàbá Hausa tó ń gé èékánná kiri sì máa ń so irú ṣíbí kékeré bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹ̀mú wọn. Mo ní lọ́kàn mi pé ọmọ Yorùbá kan ló já ìrotí rẹ̀ sílẹ̀ níbí. Ta ló tún mọ adùn rẹ̀ nílùú yìí? Mo fi ọṣẹ abọ́ fọ̀ ọ́, mo tì í sápò, mo wọ bọ́ọ̀sì.

"Ṣé ẹ rí i?" Ohun tí ìyàwó mi kọ́kọ́ bi mí nìyẹn.

"Mi ò rí i. Èyí ni mo rí."

Ọmọbìnrin wa, tó jẹ́ Dublin la bí i sí, gbà á wò. "Ah Daddy, no! That's ancient, like. You can't just be digging up fields!" Ó ní nǹkan àtijọ́ ni, pé n kò kàn lè máa gbẹ́ pápá kiri.

Ìyá rẹ̀ ò tiẹ̀ gbọ́ ọ. Ó tẹjú mọ́ ìrotí náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò tíì rí láti ìgbà tí àìsàn ti dé. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wa, ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń gbórí lé itan mi kí n lè ro etí fún un, oorun á sì gbé e lọ. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbórí lé itan mi. Orí náà ti fúyẹ́ jù. Mo fi ìbẹ̀rù ro ó, ẹnu etí nìkan. Nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó rí wa, ó rọra padà sẹ́yìn.

"Ọwọ́ yín ò tíì gbàgbé," ni ìyàwó mi wí. Ó fọwọ́ tẹ itan mi. "Òrùka lè sọnù o. Itan yìí ò sọnù. Ẹ ní kí àwọn dókítà máa bọ̀."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì jí. Ọmọbìnrin wa pe àwọn òṣìṣẹ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Obìnrin kan wọ ìbọ̀wọ́ wá sílé, ó ní ìrotí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni, ó ṣọ̀wọ́n gan-an nílẹ̀ yìí. Ó bi mí ohun tí mo fi fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo ní ọṣẹ abọ́, ó dijú bí ẹni tó gbọ́ òkú. Ó kìlọ̀ fún mi pé òfin ò gbà kí n tún máa gbẹ́lẹ̀ kiri láìgbàṣẹ. Mo ní ó ti tán nìyẹn.

Nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e, àìsàn náà padà wá. Kò mú ìyàwó mi nìkan lọ, ó mú ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi pẹ̀lú.

Mo máa ń fi káàdì arúgbó wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ lọ wo ìrotí náà nínú gíláàsì ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n gbé e lọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ò mọ ẹni tó lò ó. Bí àlejò kan bá dúró tì mí, mo máa ń sọ fún un pé èmi mọ etí tó wọ̀ kẹ́yìn. Gbogbo irọ́ tí mo ti pa láyé ni wọ́n gbà gbọ́. Èyí nìkan ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí, tí wọ́n á rìn kọjá.