So Ó Mọ́lẹ̀

Nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lórí wa, ilé tó ní iná mànàmáná lọ́nà Àtàn kò tó nǹkan. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ iṣẹ́ wáyà l'Ékòó, wọ́n padà sí Ọ̀tà, wọn kò rí wáyà fà. Ìyàwó wọn ló ń ta ẹ̀fọ́ kí ọmọ mẹ́ta tó lè jẹun. Ìdí nìyẹn tí inú wa fi dùn nígbà tí òyìnbó onígẹdú kan ránṣẹ́ pè wọ́n. Ọkùnrin náà gbẹ́ odò sẹ́yìn ilé rẹ̀, ó fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ó ní òun yóò máa lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Àwa tí à ń rin máìlì kan ká tó pọnmi! Ó fẹ́ kí a gbé àpótí iná kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò náà, kí iná máa ti inú àpótí ńlá tó wà nínú ilé wá síbẹ̀, fún ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi. Bí iṣẹ́ náà bá dára, ó ní òun yóò gba ẹ̀gbọ́n mi síṣẹ́ olóṣù.

Káfíńtà ni èmi. Ẹ̀gbọ́n mi mú mi dání nítorí pé wọn kò ní ẹlòmíràn, mo sì gbà pé ẹni tó lè kan ìlẹ̀kùn lè kan àpótí iná. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Èmi kì í bèèrè. Agídí ni mí láti kékeré.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ń parí lọ, ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ilé nídìí àpótí ńlá, èmi wà létí odò. Wọ́n pariwo láti ojú fèrèsé:

"Wáyà aláwọ̀ ewé yẹn, ṣé o ti so ó mọ́lẹ̀?"

"Mo ti so ó mọ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Kò lè mira!"

N kò purọ́. Mo ti fi okùn irin àti ìṣó so ó mọ́ ilẹ̀ símẹ́ńtì, ó dúró gírí, iṣẹ́ káfíńtà gidi. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ ni pé kí n so ó mọ́ ọ̀pá irin kan, kí n rì í bọnú ilẹ̀, kí iná tó bá ṣìnà lè wọlẹ̀ lọ dípò kó wọ ara èèyàn. Mo rí ọ̀pá náà. Mo rò pé àwọn bíríkìlà ló gbàgbé rẹ̀, mo sì jù ú sẹ́yìn ọgbà.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá tán fún ìrun Alaasari, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ wọn, nígbà tí òyìnbó dé, tó ní ká tan ẹ̀rọ náà fún òun wò. Mo tan án, ó fa omi. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e láti fi hàn pé kò gbọ̀n. Wáyà kan ti bó nínú ẹ̀rọ náà, a kò mọ̀. Ọwọ́ wọn lẹ̀ mọ́ ọn. Kí n tó sáré pa iná, ó ti jó wọn dé eegun.

Ẹ̀mí wọn kò bọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kú. Àwọn ìka kò ká mọ́.

Nígbà tí wọ́n kúrò lọ́sibítù, òyìnbó pè wá, ó bèèrè ẹni tó so wáyà aláwọ̀ ewé náà. Mo lanu. Ẹ̀gbọ́n mi ṣáájú mi:

"Èmi ni, sà."

Òyìnbó ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa lọ, kí èmi dúró síṣẹ́ olóṣù náà, nítorí èmi ni mo gbọ́n tó láti pa iná.

Lójú ọ̀nà mo sunkún, mo ní n ó padà lọ jẹ́wọ́.

"Jẹ́wọ́ fún ta ni?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kí àwa méjèèjì wá jókòó sílé? Lọ ṣiṣẹ́ ẹ, kó o máa bá mi bọ́ àwọn ọmọ mi."

Mo ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún púpọ̀. Ìyàwó wọn, tí kò mọ nǹkan kan, á kúnlẹ̀ dúpẹ́ nígbàkigbà tí mo bá gbé oúnjẹ wọlé. Ìkúnlẹ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Lọ́jọ́ tí a sin ẹ̀gbọ́n mi, àáfà ní kí Ọlọ́run san mí lẹ́san rere, àbúrò tó bọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí dójú ikú. Gbogbo èrò ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín.